Ọmọ ọdún 18 fẹ́ kọ́ mọ́tò wíwà l'Ábẹ́òkúta: èló ló máa ná wa, níbo lowó náà sì ń gbà lọ?

ÌyáÌbejì_Ọbáńtokò

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún 18, ó ti ṣe JAMB, ó ń retí kí wọ́n gbà á sílé ìwé gíga. Bàbá rẹ̀ ní kó fi àsìkò yìí kọ́ mọ́tò wíwà. Ilé ìwé ìwakọ̀ kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin làwọn máa fi kọ́ ọ, òmíràn ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, owó wọn ò sì jọra rárá. Àbúrò bàbá rẹ̀ ní ká má wulẹ̀ náwó kankan, òun á máa fi Corolla ilé kọ́ ọ lọ́jọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè. Mánúà ni Corolla ọ̀hún.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí: níbo gan-an lowó ń gbà lọ nínú kíkọ́ mọ́tò? Kí ni mo lè dín kù, kí sì ni n ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn? Láísẹ́ǹsì ńkọ́, èló ni, ta ni wọ́n ń san án fún? Mo fẹ́ kó mọ mọ́tò wà kí ọkàn mi balẹ̀ bó bá jáde.

Tíṣà_Sitiárín

Ẹ kú ìnáwó ọmọ, mà. Ẹ má fi ọ̀sẹ̀ wọn ilé ìwé ìwakọ̀, wákàtí orí sitiárín ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin" lè jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta sínú mọ́tò kan fún wákàtí kan. Ọmọ yín á wa ogún ìṣẹ́jú, á fi ogójì tó kù jókòó sẹ́yìn máa wo ẹlòmíràn. Ọjọ́ 12, ìṣẹ́jú 20 lójúmọ́, wákàtí 4 péré ni gbogbo rẹ̀. Bí àwọn ọlọ́sẹ̀ méjì bá ń gbà á lójoojúmọ́ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, wákàtí kan gbáko, tó jẹ́ òun nìkan ló ń wà á, wákàtí 10 nìyẹn. Ẹ pín owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan pè fún yín sí iye wákàtí rẹ̀, ẹ ó rí ẹni tó wọ́n gan-an nínú wọn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín. Ẹ bi wọ́n pé wákàtí mélòó lọmọ yín máa fi di sitiárín mú, akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló ń wà nínú mọ́tò lẹ́ẹ̀kan, ṣé epo wà nínú owó náà, bí òjò bá ba ọjọ́ kan jẹ́ ṣé wọ́n á dá a padà. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń kọ́ àmì ojú ọ̀nà nínú kíláàsì, àti bóyá ilé ìwé wọn wà lórí àkọsílẹ̀ àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, nítorí ìwé ẹ̀rí ilé ìwé tí kò sí lákọsílẹ̀ kò ní wúlò fún láísẹ́ǹsì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn mọ́tò fún yín. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ibi tí tíṣà ń fẹsẹ̀ sí. Bíréèkì kejì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, bó bá sì jẹ́ mánúà, kílọ́ọ̀ṣì kejì pẹ̀lú. Ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n wò, kí ẹ rí i pé ti iwájú awakọ̀ ń wọlẹ̀ bí ẹ ṣe ń tẹ tibí. Ìdí pàtàkì tí ẹ fi ń sanwó nìyẹn. Bí kò bá sí bíréèkì kejì, ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún yín ni àbúrò bàbá rẹ̀ ń bọ̀ wá ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Fún ẹni tí kò wa mọ́tò rí, tó ń kọ́ mánúà nílùú olókè bíi tiwa yìí, wákàtí 20 ni mo rí bí èyí tó kéré jù, kó sì lè lọ sókè dé 30. Wákàtí méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ á lọ sórí bí a ṣe ń jókòó, bí a ṣe ń tún dígí ṣe, ibi tí kílọ́ọ̀ṣì ti ń di mú, kí mọ́tò gbéra kó sì dúró láìfò. Nǹkan bíi márùn-ún á lọ sórí yíyà, yíyí jíà láti kìíní dé ìkẹta, títan tiráfíkétọ̀ kó tó yà. Mẹ́rin fún rìfáàsì àti páàkì. Márùn-ún fún òkè. Gbogbo èyí tó kù, inú ìgboro láàárín ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ márúwá. Ẹni tó bá ní wákàtí mẹ́fà tó òun láti mọ̀ ọ́n pátá ń tan yín.

Bí mo bá jẹ́ yín, mi ò ní yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Ilé ìwé tó ní bíréèkì kejì ni kó kọ́kọ́ gba wákàtí 10 tàbí 12 àkọ́kọ́, torí ìgbà yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ ò tíì mọ ojú ìlò, tọ́wọ́ máa ń gbàgbé. Lẹ́yìn ìyẹn, kí àbúrò bàbá rẹ̀ gbà á fún wákàtí 12 sí 15 pẹ̀lú Corolla ilé. Kó wá padà sọ́dọ̀ tíṣà fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, kí wọ́n yọ àṣìṣe tó ti wọ̀ ọ́ lára kó tó lọ ṣe ìdánwò.

Onílé_Ìbarà

Èmi ò rí ìdí tí wọ́n á fi máa fi kílọ́ọ̀ṣì yọ ọmọ lẹ́nu láyé tá a wà yìí. Mọ́tò táwọn èèyàn ń rà báyìí, ọ́tò tó ń yí jíà fúnra rẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ kọ́ ọ ní ọ́tò, wákàtí á dín kù, owó á dín kù.

Tíṣà_Sitiárín

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni pé ọ́tò máa ń yá, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wákàtí náà ló lè gé kúrò. Àmọ́ mánúà ni mọ́tò tó wà nílé wọn. Bó bá kọ́ ọ́tò nílé ìwé, kò ní lè fi ti ilé dánra wò, gbogbo wákàtí ló máa di olówó. Ẹni tó bá ti mọ mánúà, ọjọ́ kan ló máa fi mọ ọ́tò. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ gbọdọ̀ tẹ̀ mọ́ ọn létí lọ́jọ́ náà ni pé ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nínú ọ́tò. Kó ká ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn pátápátá. Ẹsẹ̀ òsì tó ti mọ́ lára láti tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ìsàlẹ̀ á tẹ bíréèkì bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, mọ́tò á dúró gbàgà láàárín títì, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á sì gbá a.

Bó bá jẹ́ ọ́tò ló wà nílé wọn ni, ohun tí ẹ sọ yẹn lèmi náà ì bá sọ.

Mẹkáníìkì_Láfẹ́ńwá

Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ n sọ ti Corolla yẹn, torí àwọn èèyàn máa ń rò pé ọ̀fẹ́ ni mọ́tò ilé. Kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Epo ni àkọ́kọ́. Jíà kìíní àti ìkejì lakẹ́kọ̀ọ́ máa ń wà, á dúró, á gbéra, á tún dúró. Corolla 1.8 tí ara rẹ̀ dá á mu nǹkan bíi lítà 2 sí 3 ní wákàtí kan irú ìdánrawò bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá tan AC, ẹ ka 3. Ẹ jẹ́ ká fi N900 pe lítà kan. Wákàtí 15 pẹ̀lú àbúrò bàbá rẹ̀ á jẹ́ lítà 45, N40,500 nìyẹn. Iye tí wọ́n bá ń ta epo lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á ni kí ẹ fi rọ́pò N900 tèmi.

Ìkejì ni kílọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ lowó ńlá sá sí. Pléètì kílọ́ọ̀ṣì ló so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà. Bí ẹsẹ̀ bá kúrò lórí pẹ́dà pátá, ó di mú ṣinṣin. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, ó tú pátá. Láàárín méjèèjì ló ti ń yọ̀, tó ń ra ara, tó ń gbóná, tó ń jẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ ò lè ṣe kó má lo àárín yẹn, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá ni, kó má fi ṣe ibùjókòó. Àwọn mẹ́ta tó ń pa á ni: fífi ẹsẹ̀ sinmi lórí kílọ́ọ̀ṣì nígbà tí mọ́tò ń sáré, fífi kílọ́ọ̀ṣì di mọ́tò mú lórí òkè dípò háńbíréèkì, àti gbígbéra pẹ̀lú jíà kejì.

Bí ẹ bá gbóòórùn bébà tó ń jó, ẹ dúró. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó tutù fún ìṣẹ́jú 20. Ẹni tó bá ní "á lọ fúnra rẹ̀" tó ń tẹ̀ síwájú ló máa ń wọ́ mọ́tò wá bá wa. Bó bá ti di pé ẹ́ńjìnnì ń ké sókè tí mọ́tò ò gun òkè, pléètì ti jẹ tán nìyẹn. Nígbà náà, ẹ ra odidi rẹ̀ pa pọ̀: pléètì, pùréṣọ̀ àti bíárìn. Sísọ jíà kalẹ̀ ni iṣẹ́ tó gba owó mẹkáníìkì, bí ẹ bá pààrọ̀ pléètì nìkan tí bíárìn wá ń ké lóṣù kejì, ẹ ó tún san owó ìsọkalẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì. Kí ẹ sì ní kí wọ́n wo ojú fúláíwíìlì, irin tí pléètì ń lẹ̀ mọ́, bóyá ó ti sán tàbí ó ti dúdú kí wọ́n tó dá a padà.

Kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ gbé mọ́tò náà lọ bá mẹkáníìkì yín fún háńbíréèkì. Ẹ gbé mọ́tò sórí òkè, ẹ fà á sókè, kí ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Ó yẹ kó di mú kó tó dún ko ko ko ní ìgbà mẹ́jọ. Bí mọ́tò bá ṣì ń yọ́ lọ sẹ́yìn, kí wọ́n fa wáyà rẹ̀ le tàbí kí wọ́n wo ṣúù ẹ̀yìn. Owó iṣẹ́ yẹn kéré sí gbogbo ohun tí mo ti ń kà bọ̀, ṣùgbọ́n láìsí i, ọmọ ò lè kọ́ òkè l'Ábẹ́òkúta, kílọ́ọ̀ṣì nìkan ló máa fi máa di mọ́tò mú. Kí wọ́n wo páàdì bíréèkì iwájú, omi bíréèkì àti omi rédíétọ̀ pẹ̀lú, torí mọ́tò tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ nínú oòrùn kò rí atẹ́gùn tó fún rédíétọ̀, fáànù nìkan ló gbára lé.

Àwọn yòókù kéré, àmọ́ wọ́n ń kó ara jọ. Kíkú tí ẹ́ńjìnnì ń kú lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kì í bà á jẹ́, ẹ má pariwo lé e lórí. Títan rẹ̀ léraléra ló ń fa bátìrì gbẹ, tó sì ń mú kíkì tó ń tan ẹ́ńjìnnì gbóná. Kó má di kọ́kọ́rọ́ mú ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ, kó sinmi díẹ̀ kó tó tún tan án, kó sì máa tẹ kílọ́ọ̀ṣì kó tó ṣíná, kí mọ́tò má baà fò síwájú bí jíà bá wà nínú rẹ̀. Rìfáàsì ò gbọdọ̀ wọlé àyàfi tí mọ́tò bá ti dúró pátápátá. Kó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kó ka ení, èjì, ẹ̀ta, kó tó ki rìfáàsì wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á ha gàràgàrà, eyín jíà ló ń jẹ yẹn. Kó má yí sitiárín nígbà tí mọ́tò wà lójú kan. Etí gọ́tà ló máa ń bẹ́ ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ̀gbẹ́ táyà tó bá sì ti wú kò ní àtúnṣe, pípààrọ̀ ni.

ÌyáÌbejì_Ọbáńtokò

Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin tíṣà mi. Ẹ jọ̀ọ́, láísẹ́ǹsì ńkọ́? Ẹnì kan ní òun á bá wa gbà á láìjẹ́ pé ọmọ lọ ibì kankan.

Ìwé_Pípé

Mà, ẹ má gbà. Ọ̀nà tó wà níbẹ̀ kò le, ọmọ yín sì ti pé ọdún 18 tí òfin ní kí ẹni tó fẹ́ wa mọ́tò ara rẹ̀ pé, kò sí ohun tó yẹ kó fi pamọ́.

Láti ìparí ọdún 2024, láísẹ́ǹsì ọlọ́dún mẹ́ta jẹ́ N15,000, ọlọ́dún márùn-ún jẹ́ N21,000. Ṣáájú ìyẹn, N10,450 àti N15,450 ni wọ́n. Bí ẹ bá pín in, ọlọ́dún mẹ́ta ń ná yín ní N5,000 lọ́dún, ọlọ́dún márùn-ún N4,200. Bí owó bá wà lọ́wọ́, ọlọ́dún márùn-ún ni kí ẹ gbà, torí tí ọmọ bá ti wọlé ìwé gíga sílùú mìíràn, wàhálà ni kó tún máa sáré àtúnṣe láísẹ́ǹsì. Orí ìkànnì láísẹ́ǹsì ti ìjọba ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ẹ ó ti sanwó. Kò sí owó tó yẹ kó bọ́ sọ́wọ́ èèyàn. Kíláàsì B ni kó yàn, ìyẹn ni ti mọ́tò ara ẹni tí kò tó tọ́ọ̀nù mẹ́ta.

Bó ṣe ń tẹ̀ léra nìyí. Ó máa kọ́ mọ́tò nílé ìwé tó wà lákọsílẹ̀, wọ́n á fún un ní ìwé ẹ̀rí. Á kọ orúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú NIN. Àwọn VIO, ìyẹn àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò fún ìjọba ìpínlẹ̀, á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó mọ ọ́n wà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á gba ìtẹ̀ka àti ìbuwọ́lùwé rẹ̀. Bí káàdì gangan ò bá tíì ṣetán, wọ́n lè fún un ní ìwé onígbà díẹ̀ kó tó dé. Ẹ rí i pé kò sí ẹni tó lè bá a ya fọ́tò, kò sì sí ẹni tó lè bá a tẹ̀ka, nítorí náà ẹni tó ní òun á bá yín gbà á láìjẹ́ pé ó lọ ibì kankan, káàdì ayédèrú ló fẹ́ tà fún yín. Bí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bá sì ti yẹ̀ ẹ́ wò lórí ẹ̀rọ wọn, wọ́n á rí i.

Ibi tó máa ń bá àwọn ọ̀dọ́ jà jù ni NIN. Ẹ mú káàdì NIN àti ìwé ọjọ́ ìbí, ẹ fi wọ́n síra, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí orúkọ àárín bá sọnù, tàbí ọjọ́ ìbí yàtọ̀, ẹ lọ tún un ṣe kí ẹ tó kọ orúkọ láísẹ́ǹsì sílẹ̀ rárá, torí ohun tó bá wà lórí NIN ló máa jáde lórí káàdì. Títún ọjọ́ ìbí ṣe wọ́n ju títún orúkọ ṣe lọ. Kó sì mọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kó tó lọ, wọ́n máa ń béèrè.

Ìṣúránsì tún wà, àwọn èèyàn kì í kà á mọ́ owó ìkẹ́kọ̀ọ́. Third party mọ́tò ara ẹni ti di N15,000 lọ́dún láti oṣù kìíní ọdún 2023, N5,000 ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó ń san tó N3 mílíọ̀nù fún dúkìá ẹlòmíràn tí ọkọ̀ yín bá bà jẹ́. Kò ní san kọ́bọ̀ fún Corolla yín fúnra rẹ̀. Ẹ mú ìwé náà jáde lónìí, ẹ wo ọjọ́ tó máa kú, kí ẹ sì ka ibi tí wọ́n ti kọ ẹni tó lè wa mọ́tò náà. Ẹ pe iléeṣẹ́ ìṣúránsì, ẹ sọ fún wọn pé akẹ́kọ̀ọ́ máa wà á pẹ̀lú ẹni tó ní láísẹ́ǹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n fún yín lésì tí ẹ lè tọ́jú. Bí kò bá sí ẹni tó ní láísẹ́ǹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí nǹkan wá ṣẹlẹ̀, wọ́n lè ní àwọn ò san.

Kí ìwé akẹ́kọ̀ọ́ (learner's permit) wà nínú mọ́tò, kí wọ́n lẹ lẹ́tà L pupa sílẹ̀ funfun mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn. Kí àbúrò bàbá rẹ̀ náà yẹ láísẹ́ǹsì tirẹ̀ wò bóyá kò tíì kú. Àwọn TRACE, ẹ̀ṣọ́ ìrìnnà ti ìpínlẹ̀ Ògùn, náà wà lójú títì, wọ́n á béèrè.

ÌyáÌbejì_Ọbáńtokò

Ọlọ́run á san yín lóore. Mo ti rí i pé ọ̀gbẹ́ni tó ní òun á bá wa gbà á ò ní rí wa mọ́. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ti òkè yẹn fún mi kí n lè sọ fún àbúrò ọkọ mi. Ibo ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ibo ni kí wọ́n má tíì dé?

Tíṣà_Sitiárín

Ibi tó tẹ́jú tí kò sí èèyàn ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: ọgbà ilé ìwé lọ́jọ́ tí wọn ò wọlé, kí ẹ sì tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Lẹ́yìn náà, àwọn títì inú ẹ́sítéètì bíi Ìbarà Housing tàbí Àsẹ́rò Housing láàárọ̀ kùtù Sọ́ńdè. Láti ọ̀dọ̀ yín ní Ọbáńtokò, Àsẹ́rò ò jìnnà, ẹ má jẹ́ kí ọmọ ló máa wà á débẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ o. Kí àbúrò bàbá rẹ̀ wà á dé ibẹ̀, kí wọ́n tó pààrọ̀ àyè. Ọ̀nà Ọbáńtokò sí Àdàtán kì í ṣe ibi ìbẹ̀rẹ̀, mọ́tò tó ń lọ sí Camp àti FUNAAB ò ní ní sùúrù fún un.

Pánsẹ́kẹ́, Kútọ̀, Láfẹ́ńwá lọ́jọ́ ọjà, àti Ìtòkú níbi tí àwọn oníbàárà aláàdìrẹ ti ń gba ẹ̀gbẹ́ mọ́tò kọjá, kó fi wọ́n sílẹ̀ di ìparí, pẹ̀lú ẹni tó ní bíréèkì kejì. Ọ̀nà Ṣàgámù àti ọ̀nà Èkó, kò sí nínú rẹ̀ rárá títí tí láísẹ́ǹsì fi dé. Nínú ìlú, 50 km/wákàtí ni òfin, kó má sì jẹ́ kí kórópe tó ń fọn fèrè lẹ́yìn mú kó lé e ju ìyẹn lọ.

Ó wá ku òkè. Òun ló ń mú kí ẹ̀rù ba ọmọ tó mọ mọ́tò wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ níwájú èrò. Òkè tó rọra gùn ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ti Aké sí Ìtòkú. Kí ẹ̀yìn mọ́tò ṣófo tó mọ́tò mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má dúró sẹ́yìn láti máa ṣọ́ ọ, ẹ̀gbẹ́ ni kí olùwòran dúró sí.

Kó fa háńbíréèkì sókè, kí ọwọ́ rẹ̀ má kúrò lórí rẹ̀, kó tẹ bọ́tìnì rẹ̀ sílẹ̀ ní ìmúrasílẹ̀. Kó tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ìsàlẹ̀, kó ki jíà kìíní. Kó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ tọ́rọ́tù díẹ̀, kí ìró ẹ́ńjìnnì gbé sókè kó sì dúró síbẹ̀, kó má máa lọ sókè sódò. Kó wá máa tú kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀díẹ̀. Ní ibì kan, ìró ẹ́ńjìnnì á wálẹ̀, imú mọ́tò á gbé sókè, mọ́tò á gbọ̀n. Kó dá ẹsẹ̀ òsì dúró síbẹ̀. Ibẹ̀ ni kílọ́ọ̀ṣì ti di mú. Ìgbà yẹn nìkan ni kó sọ háńbíréèkì kalẹ̀. Mọ́tò ò ní lọ sẹ́yìn. Kó fi kún tọ́rọ́tù, kó tú kílọ́ọ̀ṣì tó kù, kó máa lọ. Bí mọ́tò bá ti ń rìn, kí ẹsẹ̀ òsì kúrò lórí pẹ́dà pátá.

Bí mọ́tò bá lọ sẹ́yìn, ó sọ háńbíréèkì kalẹ̀ kí kílọ́ọ̀ṣì tó di mú ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ó tú kílọ́ọ̀ṣì lójijì tàbí tọ́rọ́tù kéré jù. Bó bá ń ké tí ó ń rùn, tọ́rọ́tù pọ̀ jù, ẹsẹ̀ òsì sì ti pẹ́ jù láàárín. Bí ohunkóhun nínú mẹ́ta yìí bá ṣẹlẹ̀, ohun kan náà ni àtúnṣe rẹ̀: bíréèkì, háńbíréèkì, kílọ́ọ̀ṣì dé ìsàlẹ̀, kó mí kanlẹ̀, kó tún bẹ̀rẹ̀. Kó má gbìyànjú láti máa gun òkè náà lọ nígbà tí mọ́tò ti ń yọ́ lọ sẹ́yìn. Kó ṣe é bíi ìgbà mẹ́wàá, kí wọ́n sì sinmi, ẹ ti gbọ́ ohun tí mẹkáníìkì sọ nípa ìgbóná.

Ìsọ̀kalẹ̀ ṣe pàtàkì tó ìgòkè, àwọn èèyàn kì í sì í kọ́ ọ. Kó má fi jíà sí nútírà láti fi ṣọ́ epo. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ awakọ̀ ìlú yìí ń ṣe é, ó sì lè jẹ́ ohun tí àbúrò bàbá rẹ̀ fẹ́ fi hàn án bí ọgbọ́n. Bí jíà bá wà ní ìkejì, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń di mọ́tò mú, bíréèkì kan ń ràn án lọ́wọ́ ni. Ní nútírà, bíréèkì nìkan ló ń ru gbogbo ìwúwo mọ́tò, á gbóná, á sì máa mú díẹ̀ sí i bí ó ṣe ń gbóná sí i. Bí ẹnì kan bá tún wá pa ẹ́ńjìnnì, ìrànlọ́wọ́ tó ń mú pẹ́dà rọ̀ á tán lẹ́yìn títẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, pẹ́dà á le, sitiárín á wúwo. Jíà tó máa fi gun òkè náà ni kó fi sọ̀ ọ́.

Mẹkáníìkì_Láfẹ́ńwá

Ó dára bí ẹ ṣe sọ ọ́. Mo fi kún un pé lẹ́yìn òjò, kí wọ́n gbé ìdánrawò orí òkè sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Yanrìn tí omi bá wọ́ wá sórí ọ̀dà ń mú táyà yọ̀, ọmọ á rò pé òun ló ṣe àṣìṣe, á sì tún máa tẹ tọ́rọ́tù.

Ìwé_Pípé

Ìyá Ìbejì, ohun kan ṣẹ́ kù tí kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà: ojú. Kí ẹ tó san owó wákàtí kan ṣoṣo, ẹ mú un dúró sí ìta, kó ka nọ́ńbà mọ́tò tó wà ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ 25 sí i. Kó fi ọwọ́ bo ojú kan, kó kà á, kó bo èkejì, kó tún kà á. Bí kò bá ríran tó, ẹ mú un lọ sí ẹ̀ka ojú ní FMC Ìdí-Àbà tàbí ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ ojú tí ẹ bá fọkàn tán. Ọmọ tí kò ríran dáadáa lókèèrè á máa tẹ bíréèkì pẹ́ jù, tíṣà á máa pè é ní olórí líle, ẹ ó sì máa ra wákàtí kún wákàtí lórí ohun tí dígí ojú kan lè tán.

ÌyáÌbejì_Ọbáńtokò

Ó máa ń fún ojú pọ̀ bó bá ń wo tẹlifíṣọ̀n lóòótọ́. Ọjọ́ Mọ́ńdè la máa lọ sí Ìdí-Àbà kí n tó dá ilé ìwé kankan lóhùn. Ọ̀la ni bàbá rẹ̀ máa gbé Corolla lọ fún háńbíréèkì. Mo ti kọ ìbéèrè tí ẹ ní kí n bi àwọn ilé ìwé náà sínú ìwé, mo sì máa wá sọ iye wákàtí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá pè.